Ohun Tí Bruno Ń Ṣe Lójú Pápá

Épírì 16, Ìṣẹ́gun

Ẹnu mi kó bá mi lónìí. Lẹ́yìn ìpàdé àdúrà, bí a ṣe dúró tí à ń mu kọfí, Leona Hiebert ń sọ pé òun ò mọ ibi tí òun máa kó àwọn abo ẹṣin òun méjèèjì sí mọ́, láti ìgbà tí iná ti jó abà òun. Ibi tí wọ́n wà báyìí, ẹrẹ̀ ti gba gbogbo rẹ̀. Kí n tó ronú, mo ti ní, "Kó wọn wá sọ́dọ̀ mi. Àyè wà." Àyè wà lóòótọ́, àmọ́ ọgbà pápá kékeré ti wó lápá kan, yìnyín ò sì tíì yọ́ tán.

Abe Klippenstein, tí ilẹ̀ rẹ̀ bá tèmi pààlà, tẹ̀ lé mi dé ìdí mọ́tò.

"Isbrand, ṣé ẹṣin lo fẹ́ gbà lálejò ni, àbí ẹni tó ni ín?"

Mo ní kó máa lọ sùn. Etí mi gbóná títí mo fi délé. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí Katharina ìyàwó mi ti kú. Ikú Walter, ọkọ Leona, ò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Mi ò ní kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Épírì 20, Àbámẹ́ta

Wọ́n ti dé. Greta ni dúdú, ó ti dàgbà, ara rẹ̀ balẹ̀. Linde ni èyí tó pupa rúsúrúsú, tí iwájú orí rẹ̀ funfun. Walter ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ̀bí rẹ̀, òun nìkan ló sì kù nínú gbogbo ẹṣin tí wọ́n bí sọ́wọ́ Walter. Leona fẹ́ kó bí ọmọ kan ṣoṣo kó tó pẹ́ jù fún un. Ó ti bá àwọn kan tó ní akọ ẹṣin gidi ní ìhà ìlú Brandon ṣàdéhùn. Ní Júùnù, dókítà ẹranko á gbé àtọ̀ akọ náà wá, á fi sí Linde nínú.

Leona fọwọ́ pa á lọ́rùn. "Má jẹ́ kí nǹkan kan ṣe é o, Isbrand. Òun ló ṣẹ́ kù fún mi."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mo ní tèmi méjèèjì, Kasper àti Bruno, wọ́n ti tẹ̀ wọ́n lọ́dàá, wọn ò mọ nǹkan kan mọ́.

Ó gbé rollkuchen, ìyẹ̀fun díndín wa, wá nínú abọ́, ó ṣì gbóná. Bruno ké sí àwọn àlejò náà títí ilẹ̀ fi ṣú. Kasper ò tilẹ̀ gbé orí sókè nínú koríko.

Épírì 28, Àìkú

Omi yìnyín kún pápá kékeré, àwọn abo wà nínú omi dé orúnkún. Mo ṣí géètì, mo kó gbogbo wọn pọ̀ sínú pápá ńlá. Bruno fọn imú, ó yí àwọn abo náà ká, ó gé Kasper jẹ ní èjìká, ó lé e lọ sí ìkángun. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo wọn ń jẹun wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó pa mí lẹ́rìn-ín. Koríko gbígbẹ ti wọ́n gógó lọ́dún yìí, ó sàn kí wọ́n máa jẹ ẹ́ lójú kan.

Méè 3, Ẹtì

Mo ń fọ abọ́ lójú wíńdò. Linde dúró, ó gbé ìrù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Bruno sì gùn ún. Mo kọ́kọ́ rò pé eré ni. Kì í ṣe eré. Gbogbo ohun tí akọ ń ṣe ló ṣe, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó wá sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó ti parí iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Ẹṣin tí wọ́n ti gé kórópọ̀n rẹ̀!

Mo fa aṣọ wíńdò bò ó. Èmi tí mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí mo dàgbà láàárín màlúù, mo dúró nínú kíṣìnì mi lọ́sàn-án gangan, mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ fojú sí. Ìgbà yẹn náà ni mo gbọ́ ìró mọ́tò Leona.

Mo gbé korobá, mo sáré jáde, mo ń lù ú gbàǹgà gbàǹgà. Bruno sá. Leona sọ̀ kalẹ̀.

"Kí ló dé? Ojú ẹ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀."

"Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kan ni. Ó wọ inú pápá."

"Lọ́sàn-án gangan báyìí?"

"Bóyá ebi ń pa á."

Ó gbà mí gbọ́. Ó tún bá mi wá ojú ẹsẹ̀ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kiri létí ọgbà.

Méè 7

Ojoojúmọ́. Linde ló ń lọ bá a fúnra rẹ̀ báyìí.

Méè 9, Ọjọ́bọ̀

Mo ti Bruno mọ́ inú ilé ẹṣin. Ó fi àyà fọ́ pákó ẹnu ọ̀nà, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lára rẹ̀. Mo tú u sílẹ̀.

Mo gbé fóònù, mo pe dókítà ẹranko. Kendra Friesen ni. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi nígbà tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ irú nǹkan yìí fún un? Ọ̀rọ̀ wo ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀? Nígbà tó gbé e, tó ní, "Bàbá Toews, ẹ káàárọ̀ o, ṣé kò sí?", mo ní oògùn aràn ni mo fẹ́.

Oògùn aràn wá di méjì nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi.

Méè 12, Àìkú

Ọjọ́ àwọn ìyá. Ojú ọ̀nà tí ìjọ ń gbà lọ sílé gba ẹ̀gbẹ́ pápá mi. Mo ń bọ̀ lẹ́yìn, mo rí i tí àwọn mọ́tò iwájú ń fẹsẹ̀ falẹ̀ létí ọgbà, àwọn ọmọdé fi imú mọ́ gíláàsì. N ò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ ohun tí wọ́n ń wò fún mi.

Abe yọ orí síta nínú mọ́tò tirẹ̀.

"Díákónì! Ẹṣin ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìsìn kejì, kò dúró dè wá!"

Ìyàwó rẹ̀ gbá a lápá, àmọ́ òun náà ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kí ni n bá ṣe?

Leona gba ọ̀nà ìlú lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, kò rí i. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ojú sì tún wá tì mí pé irú ohun bẹ́ẹ̀ ni mo ń dúpẹ́ lé lórí.

Méè 13

Kí n kọ ọ́ síbí. Kì í ṣe nítorí ẹṣin nìkan ni ojú ṣe ń tì mí. Bí mo bá ti rí wọn, Leona ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Mo máa ń rí ọwọ́ rẹ̀ lára ọrùn Linde. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá la ẹnu sọ ohun tí Bruno ń ṣe, á rí ohun tí èmi ń rò lójú mi.

Méè 16, Ọjọ́bọ̀

Mo na Bruno. Ó wà lórí Linde, mo fi pàṣán lé e kalẹ̀, ó yẹ kí n dáwọ́ dúró níbẹ̀. Mi ò dáwọ́ dúró. Mo há a mọ́ igun ọgbà, mo nà án ní orí, ní imú, mo ń bú u ní èdè tí bàbá mi fi ń bú ẹran. Ó gbọ̀n, kò ta ìpá. Nígbà tí apá mi rẹ̀, mo rí i pé omi ń bọ́ lójú mi.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó tún gun Linde. Àmọ́ bó bá ti rí mi báyìí, ńṣe ló ń sá.

Méè 21, Ìṣẹ́gun

Òjò. Wọn ò lè gbin nǹkan kan ní gbogbo àgbègbè yìí, amọ̀ ń fa bàtà bọ́ lẹ́sẹ̀ èèyàn.

Ìdí ìrù Linde tutù, nǹkan funfun kan gbẹ mọ́ itan rẹ̀, ó ń rùn. Leona ní òun ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Mo bu omi gbígbóná, mo fọ̀ ọ́ mọ́ kó tó dé.

"O mà ń tọ́jú wọn dáadáa," Leona wí. "Wo ìrù rẹ̀ bó ṣe mọ́."

Méè 30, Ọjọ́bọ̀

Mo ti parọ́.

Kendra wá wo Linde sílẹ̀ de Júùnù. Ó fi ẹ̀rọ wo inú rẹ̀, ó tún wò ó. Ó ní omi wà nínú ilé ọmọ rẹ̀, omi tí kò yẹ kó wà níbẹ̀. Ó fi òwú tín-ín-rín kan mú díẹ̀ láti lọ ṣàyẹ̀wò. Ó wá yíjú sí mi, ó ń bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

"Bàbá Toews, ṣé ọ̀kan nínú àwọn ẹṣin yín ò máa gùn ún? Àwọn tí a ti tẹ̀ lọ́dàá náà máa ń gùn nígbà míì."

Leona ń wò mí. Ilẹ̀kùn ni Kendra ṣí sílẹ̀ gbayawu fún mi yẹn, "Bẹ́ẹ̀ ni" nìkan ni mo ní láti sọ.

"Rárá," mo ní.

"Ó dá yín lójú?"

Leona ló dá a lóhùn. "Kendra ọmọ mi, bó bá ṣẹlẹ̀, Isbrand á ti sọ fún mi."

Júùnù 1

Mi ò lè jẹun.

Júùnù 6, Ọjọ́bọ̀

Èsì ti dé. Àrùn ni, ó ti gba gbogbo ilé ọmọ Linde. Kendra ní òun lè fi omi oògùn fọ̀ ọ́, àmọ́ òun ò mọ̀ bóyá á mọ́ lọ́dún yìí. Leona ló pè mí láti sọ ọ́ fún mi. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"Mo rò pé mo máa fi í sílẹ̀, Isbrand. Ó ti dàgbà jù. Kendra ní bí ẹṣin kankan ò bá gùn ún, a jẹ́ pé inú rẹ̀ ló ti gbó, àrùn ò sì ní yéé padà wá. Kí ni mo fẹ́ máa fìyà jẹ ẹ́ sí? Walter gan-an á ní kí n jẹ́ kó sinmi."

Mo ní, "Hẹ̀n-ẹ́n."

Júùnù 9, Àìkú, Pẹ́ńtíkọ́sì

Èmi ni oúnjẹ Olúwa kàn láti pín. Mo gbé àwo búrẹ́dì dé ìlà tí Leona jókòó sí. Ó bu tirẹ̀, ó wojú mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni ń tu èèyàn nínú. Òun ló ń tu èmi nínú! Mo gbé àwo náà lé ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, mo gba ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ jáde níwájú gbogbo ìjọ.

Ilé rẹ̀ ni mo lọ dúró sí. Òpó igi abà tuntun ti dúró lẹ́yìn ilé, òórùn pákó gba gbogbo àgbàlá. Nígbà tó dé, kò tíì ti ilẹ̀kùn mọ́tò tí mo fi sọ ọ́.

"Leona, Bruno ti gun Linde."

"Nígbà wo?"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó kọjá. Ojoojúmọ́."

Ó fi àpò rẹ̀ lélẹ̀ lórí mọ́tò. "Kendra bi ẹ́. Mo dúró níbẹ̀."

"Mo mọ̀."

"O ní rárá."

"Mo ní rárá. Mo sì fọ ìrù rẹ̀ kó o má bàa rí i."

"Kí ló dé?"

"Ojú tì mí."

"Ojú kí ló tì ẹ́? Ojú ẹṣin?"

"Láti máa sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ níwájú ẹ."

"Níwájú mi!" Mi ò gbọ́ kó pariwo rí. "Isbrand Toews, láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé Walter ni mo ti ń ki apá bọ abo ẹṣin nínú dé èjìká. Mo di okùn akọ mú lọ sí ìdí abo nígbà tí mo lóyún ọmọ mi àkọ́kọ́. Kí lo rò pé mo jẹ́? Àwòrán ara ògiri?" Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Ìyẹn ló burú jù. "Mo ti ń sunkún pé inú rẹ̀ ti gbó. Mo ti ń dágbére fún un. Ìwọ sì mọ̀."

"Mo mọ̀."

"Máa lọ sílé ẹ."

Mo lọ.

Júùnù 10, Ajé

Mo pe Kendra fúnra mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ tí nǹkan ń jẹ́. Ó wá kí oúnjẹ ọ̀sán tó tó.

Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi.

"Bàbá Toews, wọ́n pọ̀ tí wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀. Títẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ wọ́n lọ́dàá ò ní kí gbogbo rẹ̀ pa rẹ́. Àwọn míì ti mọ abo kí wọ́n tó tẹ̀ wọ́n, àwọn míì ò mọ̀ ọ́n rí, wọ́n ṣì ń ṣe é. Bí ojúmọmọ bá ti ń gùn sí i báyìí tí abo ń wá akọ, ara tiwọn náà á dìde. Ìdọ̀tí ara nǹkan ọkùnrin Bruno ló ń wọlé sínú ilé ọmọ Linde."

"Mo nà án."

"Ṣé ó dáwọ́ dúró?"

"Rárá."

"Kò lè dáwọ́ dúró. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ ni. Pápá abo lọ́tọ̀, pápá tiwọn lọ́tọ̀. Ẹ fi ọ̀nà sáàárín ọgbà méjèèjì, kí imú má lè kan imú. Ẹ má fi Bruno nìkan sílẹ̀ o. Ẹ fi Kasper tì í. Kí a sì fọ abẹ́ rẹ̀ dáadáa."

Ó gba ẹ̀jẹ̀ Bruno. Ó ní nígbà míì kórópọ̀n kan máa ń sá pamọ́ sínú ikùn, tí ẹni tó tẹ ẹṣin náà ò ní rí i. Mo ń gbàdúrà kó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó wo Greta náà. Greta mọ́.

Kó tó wọ mọ́tò, ó ní, "Ìyá Hiebert ti pè mí láàárọ̀. Wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ sí í fọ Linde."

Júùnù 15, Àbámẹ́ta

Èmi àti ẹ̀fọn la jọ ń ri òpó mọ́lẹ̀. Abe gun katakata rẹ̀ dé, ó dúró.

"Díákónì, o ń kọ́ ilé fún àwọn ọkọ ìyàwó?"

Mo sọ fún un. Mo sọ nípa àrùn, mo sọ nípa irọ́ náà. Ó ṣí fìlà, ó ń yí i lọ́wọ́.

"Mo rò pé ẹ̀fẹ̀ lásán ni," ó ní. "Gbogbo wa ló rí i, Isbrand. Kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún un nínú wa. Ẹ̀rín la ń rín."

Ó lọ gbé ẹ̀rọ tí ń gbẹ́ ihò òpó wá. A ṣe é títí oòrùn fi rọlẹ̀. Sọ́séèjì àti búrẹ́dì ni mo ní láti fún un, ó jẹ ẹ́ lórí ìdúró.

Júùnù 19

Èsì ẹ̀jẹ̀ Bruno ti dé. Kò sí ohun tó sá pamọ́. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ẹṣin lásán ni, àwọn abo ń wá akọ, èmi ni mo ṣí géètì. Mo ń wá ẹlòmíì tí mo lè dá lẹ́bi, kò sí.

Júùnù 24, Ajé

Leona ń wá ní gbogbo ìgbà tí Kendra bá ń bọ̀. Ẹṣin ló ń bá sọ̀rọ̀. Bí mo bá kí i, á mi orí.

Lónìí Linde ò gbà kí wọ́n ti rọ́bà bọ òun nínú, ó ń yí kiri. Leona kò wojú mi.

"Di orí rẹ̀ mú," ó ní.

Mo dì í mú. Omi oògùn ń wọlé, ọyún ń jáde, ó ń kán sínú korobá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà mi. Mo wò ó. Linde gbé àgbọ̀n lé mi léjìká, ó ń mí sí mi létí.

Júláì 3, Ọjọ́rú

Pápá méjì, ọ̀nà ní àárín. Bruno rìn lẹ́bàá ọgbà títí ó fi la ojú ọ̀nà sílẹ̀, ó ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Ní báyìí òun àti Kasper ń fi eyín họ ẹ̀yìn ara wọn. Mo na ọwọ́ láti tú okùn orí rẹ̀, ó fa orí sẹ́yìn kíá. Mo dúró. N ò lè bẹ ẹṣin.

Kendra ní inú Linde ti mọ́. Leona ní kí wọ́n gbìyànjú rẹ̀.

Júláì 10

Kendra ti fi àtọ̀ sí i. Ooru mú gan-an. A jókòó lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi, èmi ní ìkángun kan, Leona ní ìkángun kejì. Ó bu omi fún ara rẹ̀, ó wá bu fún mi.

Júláì 26, Ẹtì

Oyún ò dúró.

Kendra fi ẹ̀rọ wò ó títí, Leona sì mọ̀ kó tó sọ ọ́. Ó béèrè bóyá wọ́n lè tún gbìyànjú. Lẹ́yìn náà òun fúnra rẹ̀ ní rárá, ọmọ náà á pẹ́ jù kó tó wáyé, òtútù á bá a ní kékeré. Ó di ọdún tó ń bọ̀, bí Linde bá ṣì lè bímọ nígbà náà.

Ó jáde lọ dúró sẹ́yìn abà. Mo gbọ́ tó ń sunkún. Mo gbé ẹsẹ̀ kan, mo dá a padà. Kì í ṣe ọwọ́ mi ló yẹ kó nù ún lójú.

Ọ́gọ́ọ̀sì 3, Àbámẹ́ta

Abà Leona ti parí. Ó kó àwọn abo méjèèjì lọ. Mo bá a ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ ẹṣin, mo ní, "Leona, dárí jì mí." Mo ti sọ ọ́ nínú ọkàn mi títí ó fi dà bí orin, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yìí ni mo sọ ọ́ jáde.

"Mo ń gbìyànjú," ó ní. "Má kán mi lójú."

Mo ti fi ipò díákónì sílẹ̀. Alàgbà ní kí n ronú sí i. Mo ti ronú.

Ọ́gọ́ọ̀sì 10, Àbámẹ́ta

Ilé ìtajà oúnjẹ ẹran kún lónìí. Obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti Winnipeg wà nídìí káńtà. Ó ní òun ti ra abo ẹṣin kan, òun sì fẹ́ ra ẹṣin tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá kan tì í, kí wọ́n jọ máa gbé pápá kan ṣoṣo. Ó ń béèrè bóyá ó dáa. Ẹni tó ń tajà ní, "Kò sí wàhálà, ìyẹn ò mọ nǹkan kan mọ́." Àwọn ọkùnrin rẹ́rìn-ín. Abe nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ìyá. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀." Gbogbo wọn yíjú. Etí mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Mo sọ fún un pé àwọn kan ṣì máa ń gùn, wọ́n sì máa ń wọlé dé inú. Mo ní ìgbà ìrúwé ló máa ń le jù, nígbà tí abo bá ń wá akọ. Mo sọ fún un pé kó wò wọ́n dáadáa, bó bá rí i, kó yà wọ́n, kó fi ọ̀nà sáàárín ọgbà, kó sì wá alábàákẹ́gbẹ́ fún èyí tó bá yà. Mo ní kó pe dókítà lọ́jọ́ náà gan-an, kó pe nǹkan ní orúkọ rẹ̀. Obìnrin náà dúpẹ́. Mo rò pé mo ti ṣe tán.

"O ò tíì sọ ti ilé ọmọ."

Leona ni, ó wà lẹ́yìn mi, ó gbé àpò óòtì sí apá. Mi ò mọ̀ pé ó ti wọlé.

"Sọ ìyẹn náà fún un," ó ní.

Mo yíjú padà sí obìnrin náà. Mo ní, "Ó lè kó àrùn sí abo nínú. Ó ṣẹlẹ̀ sí ẹṣin obìnrin yìí, lọ́dọ̀ mi. Mo rí i, mo fi pamọ́, wọ́n bi mí, mo parọ́. Kò lóyún lọ́dún yìí."

Leona ò tíì ní òun dárí jì mí. Ó gbé àpò óòtì náà kalẹ̀ lórí káńtà, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó wá ń dá obìnrin náà lóhùn ìbéèrè tó kù.